Ẹnu Ló Ń Jẹ Gbèsè, Ọjà Ló Ń San Án: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìsọ̀ Kékeré Inú Mọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí òwò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ìsọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń tẹ́ oníbàárà lọ́rùn ní àwọn ìsọ̀ kéékèèké tó máa ń wà láàárín ọ̀nà nínú mọ́ọ̀lù, èyí tí a ń pè ní kíósìkì. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí, wọ́n béèrè pé èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì: ṣé bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà ni, àbí bí ọjà fúnra rẹ̀ ṣe dára tó? Mo gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò títí, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè pé nínú ẹnu àti ọwọ́, èwo ló ni gbèsè. Ẹnu ló yá a, ọwọ́ ló máa san án. Bí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kékeré ṣe rí nìyẹn: ìtọ́jú oníbàárà ló ń ṣe ìlérí, ọjà ló ń mú un ṣẹ tàbí kó já a kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ẹnì kan ta ṣájà, okùn ṣájà, kéèsì àti gíláàsì ojú fóònù ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi dùn nígbà náà, kí n má purọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tí ojú rẹ̀ bá ṣèèṣì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tèmi, ó ti rajà tán. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan dúró níwájú mi, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà nítorí èrò tó ń gbá a lẹ́yìn, ó ní okùn ṣájà òun ti já. Mo gbé àga tèmi fún un. Mo gba fóònù rẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, mo fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí tó dí ẹnu ihò rẹ̀, mo ki okùn tuntun bọ̀ ọ́, àwa méjèèjì jọ rí i pé iná wọlé. Mo ti pè é ní Mọ́mì tó ìgbà mẹ́wàá. Mo wá fi ti ìkẹyìn lé e: "Mọ́mì, okùn yìí, ẹ máa lò ó títí ẹ fi máa pààrọ̀ fóònù." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi, ó sanwó láì ná an rárá. Ká ní ẹnì kan fún un ní ìwé lójú ẹsẹ̀ pé kó fún mi ní máàkì, gbogbo máàkì ni ì bá fún mi.

Ọjọ́ kọkànlá ló padà wá. Okùn náà wà nínú ọ̀rá kékeré, ó ti là níbi ọrùn, níbi tó ti fẹ́ wọ orí irin, wáyà pupa inú rẹ̀ ti yọ síta. Mọ́mì ò bínú, kò pariwo. Ó kàn gbé e ka orí gíláàsì ìsọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo sọ fún mi."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Kò ní okùn náà ò dára. Ó ní èmi ni mo sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń rò láti ọjọ́ náà, òun ló sì kó mi dé ìdí ìwé kíkà lórí iṣẹ́ yìí. Kí n tó sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìsọ̀ kékeré yìí fúnra rẹ̀, nítorí kò dà bí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Köşk ni wọ́n ń pè é: ilé kékeré inú ọgbà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tí kò ní ògiri ni. Mọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ògiri ló fi ń yangàn. Southdale, tí Victor Gruen ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní Edina ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, ni wọ́n sábà máa ń kà sí mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n bò lórí pátápátá, tí ẹ̀rọ sì ń bá wọn ṣètò ooru àti òtútù inú rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1976, wọ́n ṣí ọjà ńlá kan tó ń jẹ́ Faneuil Hall Marketplace nílùú Boston, ní Amẹ́ríkà kan náà. Àyè ibẹ̀ ò tíì rí ẹni gbà tán, ni wọ́n bá kó ọmọlanke tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n fi wọ́n háyà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké. Ohun tí wọ́n fi dí àyè lásán wá di òwò gidi. Àwọn onímọ́ọ̀lù rí i pé àárín ọ̀nà tí èèyàn kàn ń gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, owó wà níbẹ̀.

Àìní ògiri yìí ló bí gbogbo wàhálà wa. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn wọ ṣọ́ọ̀bù ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ wo nǹkan. Ìsọ̀ kékeré ò ní ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń wọ inú rẹ̀. Ibòmíràn ni oníbàárà rẹ ń lọ tó fi bá ọ lójú ọ̀nà. Ó dúró tán, èrò ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, apá wọn ń kan báàgì rẹ̀, ọmọ ń fà á láṣọ. Kò sí yàrá ìwọṣọ, kò sí ibi tó lè sá sí láti ronú. Kò sí yàrá ẹ̀yìn tí wàá ti lọ mú òmíràn wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dúró tì í; bí onítọ̀hún bá lọ tọ̀, ìsọ̀ ti kógbá nìyẹn. Bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, gbangba ni: gbogbo ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn tó ń yí, tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ló máa wò ó.

Ìdí nìyí tí òǹtajà fi ń di ohun gbogbo níbẹ̀. Òun ni ilẹ̀kùn, òun ni ògiri, òun ni ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọjà. Nígbà tí oníbàárà ò rí ohun mìíràn tó lè fi mọ̀ bóyá ọjà dára, ojú òǹtajà ló ń wò. Bí ojú náà bá fani mọ́ra, ọjà náà dára nìyẹn. Ẹ wá rí i báyìí pé ìtọ́jú oníbàárà ti ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: ó ti ń jẹ́rìí fún ọjà.

Ẹlẹ́rìí òdodo ni tàbí ti èké? Ó kù sọ́wọ́ irú ọjà tó wà lórí àtẹ. Lọ́dún 1970, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Phillip Nelson pín ọjà sí oríṣi méjì: èyí tí ojú lè yẹ̀ wò kó mọ̀ kó tó rà á, àti èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá lò ó la ó tó mọ̀. Ní 1973, Michael Darby àti Edi Karni fi ẹ̀kẹta kún un: èyí tí a lè lò tán ká má tíì mọ̀ síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì ta nǹkan kan lójú ọ̀nà mọ́ọ̀lù rí, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí àtẹ wa.

Kéèsì fóònù ni ti àkọ́kọ́. Gbé e wọ fóònù. Ó gbà á, kò gbà á. Àwọ̀ rẹ̀ wù ẹ́, kò wù ẹ́. Ẹnu òǹtajà ò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ jù, ariwo lásán ló ń pa.

Ti ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ ká mú lọ́fínńdà. Òǹtajà fọ́n ọn sí ọ lọ́rùn ọwọ́, o gbé e símú, o ní háà! Ohun tó o gbọ́ yẹn kì í ṣe ohun tó o fẹ́ rà. Òórùn tó fúyẹ́ jù nínú ìgò náà ló kọ́kọ́ ń fò jáde, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti tán, àwọn òórùn tó wúwo tó wà nísàlẹ̀ yóò wá gòkè. Àwọn yẹn ni wàá máa gbé kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oníbàárà tó sanwó láàárín ìṣẹ́jú méjì ti ra ohun kan, ohun mìíràn ló sì ń gbé relé. Mo mọ obìnrin kan nídìí òwò yìí tó jẹ́ pé bó bá ti fọ́n ọn sí ọ lọ́wọ́, á ní, "Ẹ lọ ra nǹkan yòókù tí ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ bá ti ń padà lọ, ẹ tún ọwọ́ yín gbóòórùn. Bó bá ṣì wù yín, ẹ yà." Àwọn tó ń wò ó lókèèrè rò pé kò mọ ọjà tà. Lóòótọ́, àwọn kan kì í yà mọ́. Àmọ́ àwọn tó bá yà, kì í sí ẹni tó ń dá ìgò padà nínú wọn. Ìtọ́jú oníbàárà tòótọ́ nìyẹn lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rín ẹ̀yẹ kankan nínú rẹ̀: ó jẹ́ kí ọjà fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí owó tó jáde lápò.

Ti ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnì kan gbé aago ọwọ́ wá pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ bátìrì. Òǹtajà tú ẹ̀yìn aago, ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó tẹ ìdérí padà, aago ń rìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ti parí. Lábẹ́ ìdérí yẹn, rọ́bà tín-ín-rín kan wà tó ń dènà omi. Bó bá ti gbó tàbí tó ká kò, aago tí wọ́n kọ sí lára pé omi ò lè wọ̀ ọ́, omi á wọ̀ ọ́. Oníbàárà ò rí rọ́bà náà, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lóṣù kẹfà lẹ́yìn náà, tó bá fọwọ́ pẹ̀lú aago náà, tí ìkùukùu bo ojú rẹ̀, kò ní rántí ẹni tó tú u. Níbi irú ọjà bẹ́ẹ̀, òǹtajà lè rẹ́ ẹ jẹ títí láé kí inú oníbàárà sì máa dùn sí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá kó ìwé ìwádìí wá fún mi pé oníbàárà ìsọ̀ aago "ní ìtẹ́lọ́rùn", mo máa ń béèrè pé ìtẹ́lọ́rùn lórí kí ni? Ẹ̀rín tó rí ni, àbí rọ́bà tí kò rí?

Ó yá, ká bọ́ sórí gbèsè tí mo ní ẹnu ń jẹ.

Richard Oliver, ọ̀mọ̀wé kan nípa ọjà títà, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ lọ́nà tó yé mi jù, lọ́dún 1980. Ó ní kí èèyàn tó ra nǹkan, ó ti ní ohun tó ń retí lọ́kàn. Lẹ́yìn tó bá lò ó, á fi ohun tó rí wé ohun tó retí. Bí èyí tó rí bá ju èyí tó retí, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá kéré sí i, ó dùn ún. Ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹni pé ọmọdé mọ̀ ọ́n ni, àmọ́ ẹ gbé e wá sídìí ìsọ̀ wa. Ẹ mú okùn ṣájà méjì tí wọ́n yọ nínú páálí kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lo oṣù mẹ́rin kó tó já. Òǹtajà kìn-ín-ní ní, "Èyí tó rọjú ni o. Bó bá sìn yín tó oṣù mẹ́ta, ó ti gbìyànjú." Òǹtajà kejì ní, "Títí ayé ni." Ọjà kan náà, oṣù mẹ́rin kan náà. Oníbàárà ẹni kìn-ín-ní ń dúpẹ́, ti ẹni kejì ń ṣépè. Ta ló ba ti ẹni kejì jẹ́? Kì í ṣe okùn o.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgúnmu ní ìwọ̀n, ẹni tó bá sì mu ún jù, inú ni yóò run ún.

Ẹ wo gíláàsì ojú fóònù. Lára páálí rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà: 9H. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́, pé dáyámọ́ńdì ni 10, pé èyí jẹ́ 9, ó kù díẹ̀ kó di dáyámọ́ńdì. Irọ́ pátápátá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Òṣùwọ̀n tí dáyámọ́ńdì ti gba 10 ni èyí tí Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, ṣe lọ́dún 1812 fún àwọn òkúta. 9H orí páálí ní tirẹ̀, òṣùwọ̀n pẹ́ńsùlù ni: wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù tó le sí i, tó le sí i, ha nǹkan títí wọ́n á fi rí èyí tó máa ha á, 9H sì ni pẹ́ńsùlù tó le jù nínú wọn. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, gíláàsì wà ní nǹkan bí 5 àbọ̀ sí 6. Òkúta tó pọ̀ jù nínú iyanrìn wà ní 7. Ìyẹn ni pé hóró iyanrìn kan ṣoṣo nínú àpò ṣòkòtò tó láti ha "dáyámọ́ńdì" tí mo tà. Oníbàárà ò ha á mọ́ nǹkan kan, kò jù ú sílẹ̀, àpò rẹ̀ ló fi sí, ó yọ ọ́, ó rí ìlà gbọọrọ. Gíláàsì náà sì ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe o! Òun ló gba ìlà tí ì bá bá ojú fóònù. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ni, ìlà yẹn ì bá jẹ́ ẹ̀rí pé ọjà mi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo sọ ló sọ ọ́ di ẹ̀rí pé mo rẹ́ ẹ jẹ.

Gíláàsì yìí kan náà ló tún fi hàn pé ìtọ́jú àti ọjà kì í ṣe méjì. Gíláàsì tó dára jù, bí ọwọ́ tó ń lẹ̀ ẹ́ kò bá mọ́, á gba eruku sínú. Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: á kọ́kọ́ fi ìnujú tó ní sípíríìtì nù ún, á fi èyí tó gbẹ nù ún tẹ̀ lé e, á wá mú bébà tó ń lẹ̀, á máa fi tọ eruku kọ̀ọ̀kan jáde, á gbé fóònù náà síwájú iná, á tẹ orí ba láti wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kó tó fi gíláàsì lé e, á ti wo ihò agbóhùn kó bá a mu. Á wá fi ìka kan tẹ àárín rẹ̀, atẹ́gùn á sì máa sá lọ sí etí díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà ń wò ó ní gbogbo ìgbà yìí, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí róbótó atẹ́gùn kan ṣoṣo bá kù lábẹ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa rí i. Ǹjẹ́ àléébù ọjà nìyẹn, àbí ti ìtọ́jú? Kò sí oníbàárà tó ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní gíláàsì òun ò dára.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní òṣùwọ̀n fún ọ̀rọ̀ ìtọ́jú oníbàárà, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Parasuraman, Zeithaml àti Berry bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985, wọ́n gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n pè ní SERVQUAL jáde ní 1988: gbólóhùn 22 lábẹ́ orí márùn-ún, láti orí ohun tí ojú ń rí títí dórí kéèyàn fi ara rẹ̀ sípò oníbàárà. Ní 1992, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì mìíràn, Cronin àti Taylor, ní kí wọ́n má wulẹ̀ wọn ohun tí èèyàn ń retí, kí wọ́n kàn wọn ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹjọ́ yẹn wà láàárín wọn. Èmi kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ káàdì ìrajà, àwọn tó ń tún ohun èlò ṣe àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ìsọ̀ ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, ohun kan tí wọ́n rí wúlò fún wa gan-an: nínú orí márààrún, mímú ìlérí ṣẹ ni oníbàárà kà sí jù. Ẹ̀rín kọ́, aṣọ iṣẹ́ kọ́. Ní ìdí ìsọ̀ wa, níbo ni ìlérí ti ń ṣẹ bí kì í bá ṣe nínú ọjà, nílé oníbàárà, níbi tí òǹtajà ò sí?

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ máa fajú ro o. Ìtọ́jú ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ọjà kò lè bá a ṣe. Bí oníbàárà mẹ́ta bá dúró níwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ̀yin jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n lè lọ nítorí pé ẹ ò wò wọ́n. David Maister, ọ̀mọ̀wé kan nípa iṣẹ́ òwò, kọ ọ́ ní 1985 pé ìdúró tí a kò mọ ìgbà tó máa parí ń gùn lójú ju èyí tí a mọ̀ lọ. Ẹ gbójú sókè, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ẹ̀yin ló kàn." Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yéé fa ọwọ́ èèyàn. Àwọn tó ń ta ìpara mọ ara wọn: ẹni ẹlẹ́ni ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n ti fi ìpara sí i lọ́wọ́, wọ́n sì di ọwọ́ náà mú títí tó fi rà á. Ó rà á lóòótọ́. Ọ̀nà òkè ni yóò máa gbà láti ọjọ́ náà lọ kó má bàa kan ìsọ̀ wọn.

Ibi tó le jù ni ìgbà tí oníbàárà bá padà wá. George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ̀wé ní 1970 lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, iṣẹ́ tó mú un pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ó fi hàn pé bí ẹni tó ń rajà ò bá lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, iye tó wà láàárín tàwọn méjèèjì ló máa fẹ́ san fún gbogbo rẹ̀, àwọn tó ní ọjà gidi á sì kó ọjà wọn kúrò. Ohun kan tó lè gbà wá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ni gárántì. Ẹ wá wo ara wa: ìwé ìsọ̀ tí ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù ń fún oníkíósìkì kì í ju oṣù díẹ̀ lọ, àwọn mìíràn ò ju àsìkò àjọ̀dún kan ṣoṣo. Ta ló máa gba gárántì ọdún kan gbọ́ lẹ́nu ẹni tó lè má sí níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀? Ìsọ̀ tó ní táyà lẹ́sẹ̀! Oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi fẹ́ ra ohun olówó gọbọi lọ́wọ́ wa, bó ti wù kí a rẹ́rìn-ín tó.

Nígbà tí èmi náà gba ìsọ̀ tèmi, mo ra ìwé kan, mo kọ "Ìpadàwá" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá dá padà, mo ń kọ ọjọ́ tí mo tà á, ọjọ́ tó padà, ibi tó ti bàjẹ́, àti ohun tí oníbàárà ní mo sọ. Abala ìkẹyìn yẹn ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Kó tó di oṣù mẹ́ta, mo ti rí i pé okùn tó ń padà, ìyá kan ló bí gbogbo wọn: àwọn tí kò ní rọ́bà rírọ̀ lọ́rùn, níbi tí okùn ti ń wọ orí irin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé okùn wá tà fún mi, ìka mi ni mo fi ń rà á: mo máa ń ká ọrùn rẹ̀ kò bọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ẹni tó gbé e wá. Èyí tí mi ò bá lè ká lójú rẹ̀, mi ò ní lè jẹ́rìí rẹ̀ lójú oníbàárà. Mo tún kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́yìn rìsíìtì, pé bí mo bá kó kúrò, ẹ pè mí. Àwọn tó pè mí kò pọ̀. Àwọn tó tìtorí nọ́ńbà náà ra ohun tó wọ́n, wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ gba òǹtajà síṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé iye tó tà lẹ ń wò san owó rẹ̀, tí ẹ kì í wo ohun tó padà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọ ní "títí ayé ni". Ọ̀gá mi àná kò kọ́ mi nírọ́, àmọ́ owó oṣù mi kọ́ mi.

Nígbà tí mo dákẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ò parí ìtàn Mọ́mì. Kí lẹ ṣe fún wọn?"

Mo sọ fún un pé ìwé kan wà lára ìsọ̀ wa, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà, pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mi ò lè nawọ́ sí i níwájú ìyá náà. Mo yọ okùn mìíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nínú páálí kan náà, mo sì san owó rẹ̀ nínú owó mi. Ìyẹn náà já.

Ó ní, "Ṣé wọ́n tún padà wá?"

Mo ní Mọ́mì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á dúró, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, mo rí okùn ṣájà tuntun tó yọ orí jáde nínú báàgì rẹ̀. Ìsọ̀ tó kọjú sí wa ló ti rà á, lọ́wọ́ bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.